Ẹ Má Gbé Wọn Jáde Kí Ìwé Tó Parí

Fún ẹbí tó ní èèyàn nínú nọ́sìn hóòmù ní ìpínlẹ̀ Maryland

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́

Bí èèyàn yín tó ní ìpèníjà ara bá fẹ́ kúrò ní nọ́sìn hóòmù kó wá máa gbé láàárín àdúgbò, ẹ wá rí wa ní Maryland Access Point nígbà tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ gbé e wálé.

À ń tún un sọ nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìṣe. Àwọn ọmọ á gbé ìyá wọn sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á wá sí káńtà pé kí a bá àwọn wá olùtọ́jú, kí a bá àwọn fẹ ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ kí àga onítáyà lè gbabẹ̀ kọjá. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì wà ní ilé ìtọ́jú ni Money Follows the Person, ètò Medicaid tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti padà sí àdúgbò, wà fún. Bí wọ́n bá ti kọ ìwé ìjáde fún un, ó ti kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ń pàdánù kò kéré. Ẹni tí Medicaid ń sanwó rẹ̀ ní nọ́sìn hóòmù lè bọ́ sínú ètò ìtọ́jú inú ilé láìtò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti wà nílé ní tirẹ̀ á forúkọ sílẹ̀, á máa retí ìpè, ó sì lè retí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àìsàn wọn lè má yàtọ̀ rárá. Ibi tí kálukú wà lọ́jọ́ tó béèrè ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń bi wá pé ṣé kí àwọn dá bàbá padà síbẹ̀. Bí wọ́n bá dá a padà, ọjọ́ 60 tí ètò náà ń béèrè á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan.

Bí ẹ bá kàn fẹ́ mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ìnáwó, kí ẹ sì dá wọn padà, ìyẹn kì í ṣe ìjáde. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ẹ tó lọ.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni há mọ́bẹ̀. Ní 1999, nínú ẹjọ́ Olmstead tí obìnrin méjì láti Georgia pè, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìyàsọ́tọ̀ ni kí a ti ẹni tó lè gbé àárín ìlú, tó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, mọ́ ilé ìtọ́jú láìnídìí. Ẹ̀tọ́ ni ìjáde. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìwé ṣáájú.

Ta ló yẹ fún ètò náà?

Ẹni tó ti lo ọjọ́ 60 léraléra ní ilé ìtọ́jú. Ọjọ́ ilé ìwòsàn àti ti nọ́sìn hóòmù para pọ̀. Láti ọdún 2021, ọjọ́ tó fi gba ìtọ́jú ìmúpadàbọ̀sípò náà wà lára rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé kò sí. Medicaid gbọ́dọ̀ ti sanwó ó kéré tán ọjọ́ 1. Kò pọn dandan kó jẹ́ arúgbó.

Òun fúnra rẹ̀ ni kó dáhùn

Wọ́n máa ń bi àwọn tó ń gbé nọ́sìn hóòmù bóyá wọ́n fẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa pípadà sí àdúgbò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn dáhùn. Bí ẹni náà bá ní òun fẹ́, dandan ni kí ilé ìtọ́jú fi tó àjọ tó yẹ létí. Bí wọ́n bá ń fi falẹ̀, ẹ pe Ombudsman, agbẹnusọ fún àwọn tó ń gbé nọ́sìn hóòmù, ọ̀fẹ́ ni.

Owó

Kò sí owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí orúkọ yín lè tètè jáde, irọ́ ló ń pa. Ètò náà lè san owó ìdógò ilé, owó tí wọ́n fi ń so iná àti owó àwọn ohun èlò ilé, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn sí i pé á máa san owó ilé oṣooṣù títí lọ. SSI tó ti wálẹ̀ sí $30 lóṣù ní nọ́sìn hóòmù lè tún gòkè, bí ẹ bá fi ọjọ́ ìjáde tó Social Security létí.

Bí ẹ bá ti dá ọjọ́ tí ẹ máa gbé wọn jáde, ẹ sún un síwájú, kí ẹ sì pe Maryland Access Point lónìí: 1-844-627-5465.