Bí Wọ́n Ṣe Fọ́mátì PSP Kan ní Mọ́níyà

Nítòsí ọjà Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Inú ọ̀kan nínú wọn ni mo wà tí ọmọkùnrin kan fi gbé ẹ̀rọ géèmù PSP dúdú kan wọlé, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi dè é lẹ́yìn.

"Ẹ káàsán, bọ̀ọ̀dá. Ó ń kọ Corrupted Data. Wọ́n ní kí n fọ́mátì ẹ̀, àmọ́ Master League mi wà nínú ẹ̀."

"O ò tíì tẹ nǹkan kan?"

"Rárá o."

"O ṣeun."

PSP kì í ṣe ọmọ àná. Oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni Sony kọ́kọ́ tà á ní Japan, wọ́n sì ti ṣíwọ́ kíkó o jáde láti 2014. Tòkunbọ̀ ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, wọ́n sì ti kíráàkì ọ̀pọ̀ nínú wọn kó lè máa gba géèmù láti orí mẹ́mórì. Ohun tó mú fọ́mátì rẹ̀ le nìyẹn: yàtọ̀ sí géèmù, lára ohun tó ń gbé kíráàkì náà ṣiṣẹ́ wà lórí mẹ́mórì yẹn kan náà.

Bọ̀ọ̀dá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ yọ mẹ́mórì, ó kì í bọ káàdì rídà, ó so ó mọ́ làpútọ́ọ̀pù. Ó kọ́kọ́ ní kí kọ̀ǹpútà fi àwọn fáìlì tó fara pamọ́ hàn. Fódà ISO yọ, géèmù ló wà níbẹ̀, seplugins yọ, PSP náà yọ, GAME àti SAVEDATA wà nínú rẹ̀. Ó ṣí SAVEDATA, níbi tí séèfù, ìyẹn ibi tí èèyàn bá géèmù dé, ń wà. Fódà kéékèèké kún ibẹ̀, òmíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ULUS, ìyẹn géèmù Amẹ́ríkà, òmíràn pẹ̀lú ULES, ti Yúróòpù. Ó tẹ àwòrán kan tó ń jẹ́ ICON0.PNG nínú ọ̀kan, PES, géèmù bọ́ọ̀lù tí Master League wà nínú ẹ̀, ló yọ.

"Òun nìyẹn!" Ọmọ náà ti na ìka sí i.

SAVEDATA ló kọ́kọ́ kó sórí kọ̀ǹpútà, kó tó wá kó ìyókù. NEPA mú iná lọ lágbedeméjì, bátìrì làpútọ́ọ̀pù ló gbà wá. Géèmù kan kọ̀, kò ṣe é kó, bọ̀ọ̀dá sì fò ó.

"Géèmù, a ó tún rí i fi sí i. Séèfù ẹ ńkọ́? Ta ló fẹ́ bá ẹ gbá gbogbo bọ́ọ̀lù yẹn padà?"

Ó wá fi iye fáìlì tó wà lórí mẹ́mórì wé èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà, fódà kan tẹ̀ lé èkejì. Ibẹ̀ ló ti pẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ gan-an wà lójú tèmi.

Fọ́mátì fúnra rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú lọ. Ó dá mẹ́mórì padà sínú PSP, ó fi ṣájà sí i, ó wọ Settings, ó wọ System Settings, ó tẹ Format Memory Stick. Kò fọwọ́ kan Restore Default Settings, torí ètò inú ẹ̀rọ nìyẹn ń nù, kò kan mẹ́mórì rárá.

Dídá ẹrù padà ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Bí o bá ju fódà PSP sínú fódà PSP mìíràn, ẹ̀rọ kò ní rí séèfù kankan, wàá sì máa sunkún lórí ohun tí kò sọnù.

Bọ̀ọ̀dá dá fódà kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tó tan ẹ̀rọ náà, kò sí géèmù kankan. Ojú ọmọ náà rọ. Bọ̀ọ̀dá tẹ Fast Recovery, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ó mọ́lẹ̀ padà, géèmù tò síbẹ̀. Irú kíráàkì yìí máa ń sùn bí èèyàn bá pa ẹ̀rọ pátápátá. Fast Recovery yẹn ló ń jí i, inú fódà GAME ló sì wà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ má pa ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́ títí ẹ ó fi ṣí séèfù yín lórí ẹ̀rọ. Bí Corrupted Data bá sì tún yọ lẹ́yìn fọ́mátì, ẹ ra mẹ́mórì míì.