Kí A Má Dúró De Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ọ̀rọ̀ yìí kàn gbogbo wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iná bá ti jó igbó tán, tí a sì ń sá èlùbọ́, èkúté a máa wá oúnjẹ wọ inú ilé. Irú èkúté kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ni ó ń gbé àrùn Lásà kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó fi ń ba oúnjẹ jẹ́.

Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀, ní ìlú Lásà ní Borno. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀nà jìn: ní ọdún 2016, ó bẹ́ sílẹ̀ ní Tchaourou, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní ìwọ̀-oòrùn Ṣakí.

Bí ibà lásán ni ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn. Àwọn ẹlòmíràn rò pé àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní imú tàbí ẹnu. Àṣìṣe ńlá ni. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ẹ̀jẹ̀ kì í dà lára wọn rárá. Ẹni tí ó bá sì dà lára rẹ̀, àrùn ti wọ̀ ọ́ lára jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ribavirin, bí a bá tètè lò ó ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Nítorí náà, bí aláìsàn bá lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ara kò balẹ̀, tí ó ń bì, tí àyà ń dùn ún, tí ojú rẹ̀ ń wú, kí a yà á sọ́tọ̀, kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí a sì mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Ní oṣù keje ọdún 2014, àlejò kan ti Làìbéríà dé sí Èkó. Ibà ni a kọ́kọ́ pe àìsàn rẹ̀. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó fura sí Ebola, àrùn tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ ti Lásà, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí àwọn kan tilẹ̀ ń fi agbára béèrè rẹ̀. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà. 8 kú, dókítà náà sì wà nínú wọn. Ìfura rẹ̀ ni ó gba ìlú là.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọn máa bo oúnjẹ, kí wọn má sì fi ọwọ́ lásán mú èkúté. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí a bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè pé: ìbọ̀wọ́ dà ní ilé ìwòsàn wa? Ọkọ̀ wo ni yóò gbé ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò kúrò ní Ṣakí? Nọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú ọmọ wa, ọmọ ẹnìkan ni òun náà.