Lérè Pàímọ́, Òṣèré Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Lérè Pàímọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a mọ̀ sí Ẹ̀dá Onílé Ọlá, bẹ̀rẹ̀ eré ìtàgé ní 1960 lọ́dọ̀ Oyin Adéjọbí, kí ó tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀, níbi tí ó ti ṣe Baṣọ̀run, olórí ìgbìmọ̀ ìjòyè Ọ̀yọ́ Mèsì, nínú Ọba Mọ́rọ̀, eré Aláàfin Abípa tí ó ní kí àwọn ọdẹ mú àwọn tí ìjòyè rán lọ ṣe bí iwin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú, ṣùgbọ́n fíìmù Ogbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló gbé e níyì jù, nítorí níbẹ̀ ni ó ti ṣe Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, ọdẹ tí ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, lọ fún Aláàfin. Oyè MFR tí ìjọba àpapọ̀ fi dá a lọ́lá ní 2005 tọ́ sí i gan-an.