Threads: Fíìmù Tí Kò Ṣeé Fojú Eré Wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fi òwe yìí sọ́kàn bí a ti ń ṣe àlàyé lórí fíìmù kan tí àwọn ènìyàn ń wò nílé, tí wọn kì í sì í rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Threads ni orúkọ rẹ̀. BBC ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi í hàn lórí tẹlifíṣàn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1984. Barry Hines ló kọ ọ́, Mick Jackson ló darí rẹ̀.

Kí ni ìtumọ̀ orúkọ yìí? Òwú ni. Aláǹtakùn tó ń ta òwú ni a kọ́kọ́ rí bí fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí a mọ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ìlú ńlá rí: iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ, oúnjẹ àti ilé ìwòsàn, gbogbo wọn ló so kọ́ra. Bí ọ̀kan bá já, ìyókù yóò tú.

Ìlú Sheffield ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ruth àti Jimmy fẹ́ ṣe ìgbéyàwó nítorí pé Ruth ti lóyún. Amẹ́ríkà àti Sófíẹ̀tì ń bá ara wọn fa wàhálà lórí ilẹ̀ Ìránì, ìròyìn rẹ̀ sì ń jáde lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ta ló ráyè gbọ́? Ilé tí wọn yóò gbé ni wọ́n ń tún ṣe. Ìgbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, a kò rí Jimmy mọ́.

Ibí yìí ni fíìmù náà ti bá òwe wa jà. Ìjọba ti kìlọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fi ilẹ̀kùn àti tìmùtìmù ṣe ibi ìsápamọ́ sínú ilé. Àwọn òbí Jimmy gbìyànjú bẹ́ẹ̀, kò gbà wọ́n. Àwọn aláṣẹ ìlú tó sá pamọ́ sábẹ́ gbọ̀ngàn ìlú, ibẹ̀ ni ilé wó dí wọn mọ́, tí wọ́n sì kú. Arọ gbọ́ nípa ogun, ṣùgbọ́n kò síbi tí yóò sá sí. A jẹ́ pé kí irú ogun yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni ọgbọ́n wúlò.

Bọ́ǹbù nìkan kọ́ ló ń pani. Ní ọdún 1983, Carl Sagan àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn ṣàlàyé pé èéfín ìlú tó ń jó lè gòkè lọ dí ojú oòrùn. Òtútù yóò mú, ohun ọ̀gbìn kò sì ní í ṣe dáadáa. Fíìmù náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ènìyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 50, lè ṣẹ́ku mílíọ̀nù 4 sí 11. Títí di òní, orílẹ̀-èdè 9 ló ní irú bọ́ǹbù yìí. Nàìjíríà kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n òfúrufú kò mọ ààlà.

Ibi tó kan àwa ẹgbẹ́ Yorùbá jù ni ti Jane, ọmọ Ruth. Lẹ́yìn ọdún 10, Ruth ti di arúgbó lọ́jọ́ àìpé, ó sì kú. Omijé kò bọ́ lójú Jane. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè sọ Gẹ̀ẹ́sì já gaara. Ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó fòfin de èdè wọn. Iṣẹ́ àti ebi kò jẹ́ kí àgbà ráyè bá ọmọdé sọ̀rọ̀, òwú èdè sì já. Àwa tí a ń kàwé níbi tó jìnnà sí ilé, tí kò sí bọ́ǹbù lórí wa, àwáwí wo ni a ní?

Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé wà níbẹ̀. Ẹ má dá nìkan wò ó lóru. Bí ó bá parí, ẹ má kàn pa tẹlifíṣàn kí ẹ sì lọ sùn. Ẹ jókòó, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá.