Bí Ọ̀fọ̀ Otodo Gbame Ṣe Di Sinimá

Kì í ṣe nítorí àtiṣe sinimá ni àwọn ọ̀dọ́ etí ọ̀sà Èkó Àkéte fi kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà lọ́dọ̀ àjọ Justice & Empowerment Initiatives; ẹ̀rí ni wọ́n fẹ́ kó jọ, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí ó wó ilé ni yóò tún máa ròyìn bí ilé ṣe wó.

Ní Lẹ́kkí, lẹ́bàá Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gùṣì, ni àwọn Ẹ̀gùn apẹja àdúgbò Otodo Gbame ń gbé tẹ́lẹ̀, níbi tí omi ti jẹ́ oko àti ọ̀nà ọjà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí owó ilẹ̀ ti ń ga láti ibẹ̀ títí dé Àjáh, tí a ń fa yanrìn láti fi sọ àbàtà di ilẹ̀ títà, ojú olówó kò kúrò ní etí omi mọ́. Ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni: ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun ti wó àdúgbò Màrókò ní Èkó, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé.

Ó kan Otodo Gbame ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Ilé ẹjọ́ gíga ti kìlọ̀ kí a má wó o. Síbẹ̀ iná sọ, katakata sì dé. Adájọ́ pè é ní ìwà ìkà ní oṣù Kìíní ọdún 2017; katakata tún padà ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, nígbà tí ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn fọ́n ká, àwọn mìíràn ń sùn nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n.

Ẹni tí ó jàre nílé ẹjọ́ tí kò sì rí orùlé sùn sí, kí ni yóò tún fi ẹ̀rí ṣe? Lójú tèmi, ibí yìí ni ìtàn ti di dandan. Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà náà, pẹ̀lú James Tayler àti Mathew Cerf tí wọ́n mọ iṣẹ́ sinimá, di ẹgbẹ́ Agbajowo, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n sì jọ darí sinimá The Legend of the Vagabond Queen of Lagos.

Nínú rẹ̀, Jawu, abiyamọ tí Temi Ami-Williams ṣe, ṣe kòńgẹ́ owó tí olóṣèlú oníjẹkújẹ kó pamọ́, nígbà tí ìwólé ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí àwọn ará rẹ̀: kí ó gbé e sá ni, tàbí kí ó fi gbà wọ́n là? Mo fẹ́ràn pé wọn kò sọ ọ́ di ẹni àánú lásán. Ẹni tí a ṣẹ̀ náà lè ṣìwà hù, ọ̀fọ̀ kì í sọ ènìyàn di mímọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá náà hàn ní àjọ̀dún sinimá Toronto, ní Kánádà, orúkọ àwọn ọmọ etí omi sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí.