'Àìtó Ẹ̀jẹ̀': Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Ìlera Obìnrin Ìgbèríko

1. Ìfáárà

Ìwádìí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lórí iye ènìyàn àti ìlera, tí a ṣe ní ọdún 2018, fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 15 sí 49, 58 ni ó ní àìtó ẹ̀jẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni orúkọ àìsàn náà, nítorí pé orúkọ tí a bá fún àìsàn ni aláìsàn fi ń wá oògùn rẹ̀.

2. Ìtúmọ̀ tí orúkọ náà gbé jáde

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'àì-' ni a fi kún ọ̀rọ̀-ìṣe 'tó', tí 'ẹ̀jẹ̀' sì tẹ̀ lé e. Bí a bá gbọ́ 'àìtó omi' tàbí 'àìtó owó', ìwọ̀n ni ọkàn wa ń lọ sí. Bákan náà ni ẹni tí ó gbọ́ 'àìtó ẹ̀jẹ̀' yóò rò pé ẹ̀jẹ̀ ti fà nínú iṣan, bí odò ti ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀jẹ̀ aboyún a máa pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, síbẹ̀ ó lè ní àìtó ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó dínkù ni himoglóbíìnì, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì pupa tí ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ara kò sì lè ṣe é láìsí irin. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé obìnrin tí kò lóyún ní àìsàn yìí bí himoglóbíìnì rẹ̀ kò bá tó gíráàmù 120 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan.

3. Àṣìlóye tí ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ

Ẹni tí ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni ó fà yóò wá ohun mímu tí yóò fi dí i: màltì tí a lú mọ́ mílíìkì, tàbí ohunkóhun tí ó bá ṣáà ti pupa. Àwọ̀ pupa kì í ṣe ẹ̀rí pé irin wà nínú oúnjẹ. Ara a máa tètè gba irin inú ẹran àti ẹja. Irin wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà. Ọsàn a máa ran ara lọ́wọ́ láti gbà á, ṣùgbọ́n tíì a máa dí i lọ́wọ́.

Nítorí èyí ni a kò fi gbà kí a pe himoglóbíìnì ní 'pupa ẹ̀jẹ̀', bí ó tilẹ̀ dùn-ún pè. Orúkọ àyálò tí a ṣàlàyé dáadáa sàn ju orúkọ ìbílẹ̀ tí yóò ṣini lọ́nà.

4. Àbá wa

A kò ní kí a pa 'àìtó ẹ̀jẹ̀' tì, nítorí pé tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ ọ́n. Kí a fi ṣe orúkọ gbogbogbòò, kí a sì fi ẹ̀yán tí ó tọ́ka sí okùnfà kún un:

(i) àìtó ẹ̀jẹ̀ aláìtó-irin: ó wọ́pọ̀ lára ọ̀dọ́mọbìnrin, tí ń dàgbà, tí ó sì ń ṣe nǹkan oṣù;
(ii) àìtó ẹ̀jẹ̀ oníbà: kòkòrò ibà ni ó ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́;
(iii) àìtó ẹ̀jẹ̀ aláràn: aràn kan ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun;
(iv) àìtó ẹ̀jẹ̀ ajogúnbá: irú ti fòníkú-fọ̀ladìde.

Ẹ̀yán kọ̀ọ̀kan ti sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Irin kò lè rọ́pò àwọ̀n ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀n kò lè rọ́pò bàtà àti ṣáláńgá.

Kí a sì máa pe hóró oògùn náà ní 'oògùn irin'. 'Oògùn ẹ̀jẹ̀' lè mú kí a ṣì í mú fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Níbi tí àìsàn yìí bá ti kan 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100 obìnrin, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn irin mílígíráàmù 30 sí 60 lóòjọ́ fún obìnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń ṣe nǹkan oṣù, fún oṣù mẹ́ta lọ́dún. Kí olùkọ́ fi kún un pé ìgbẹ́ ẹni tí ń lò ó lè dúdú, kí ẹ̀rù má baà mú un jáwọ́.

5. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ ògbufọ̀ kò parí síbi kí ọ̀rọ̀ Yorùbá wà fún ohun kan. Ó yẹ kí ọmọbìnrin tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lè mọ ohun tí kò tó lára òun, kí ó sì mọ ibi tí yóò ti wá a.