Èdè Ìtùnú àti Ìrètí Ìyè Àìnípẹ̀kun nínú Ọ̀fọ̀ Yorùbá Onígbàgbọ́

1.0 Ìfáárà

Kò sí àwùjọ tí ikú kì í dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àwùjọ tí kò ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú nígbà tí ikú bá dé. Láàárín Yorùbá, ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá kú kì í dá jókòó. Ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ a máa wọlé, wọn a máa jáde, oníkálùkù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtùnú tirẹ̀. Bí ilé náà bá jẹ́ ti onígbàgbọ́, orísun méjì ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti máa ń ṣàn wá: àṣà àwọn baba ńlá àti Bíbélì. Nígbà mìíràn, orísun méjèèjì a máa pàdé. Nígbà mìíràn, wọn a yà. Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni láti ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti yà, kí ó sì wo ohun tí ìrètí ìyè àìnípẹ̀kun lè ṣe fún ẹni tí ó wà nínú ọ̀fọ̀, àti ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìrètí náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìjọ nìkan. Yorùbá gbà pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù ni ọ̀rọ̀ tí kò bọ́ sí i máa ń dùn jù lọ.

2.0 Ikú nínú Èrò Yorùbá

Lójú Yorùbá, ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹni tí ó ná ọjà tán, ilé ló ń lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdàpè tí èdè náà ní fún ikú fi jẹ mọ́ ìrìn-àjò, ìdágbére tàbí ìsinmi. Ọba a máa wàjà. Àgbàlagbà a máa jáde láyé, a máa papò dà, a máa dágbére fún ayé. Nígbà tí wọ́n bá ń dárò òkú ní ìlànà àbáláyé, wọn a máa kìlọ̀ fún un nípa bí yóò ti ṣe níbi tí ó ń lọ, wọn a sì máa rán an níṣẹ́ sí àwọn tí ó ti ṣáájú. Ẹni tí kò sí níbì kankan mọ́ kò ṣe é rán níṣẹ́.

Nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962, Bọ́lájí Ìdòwú jíròrò ìgbàgbọ́ Yorùbá pé ìdájọ́ wà lẹ́yìn ikú: ọ̀run rere fún ẹni tí ìwà rẹ̀ dára, ọ̀run àpáàdì fún ìkà. Èrò àtúnwáyé tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, orúkọ bíi Babátúndé, Yétúndé àti Ìyábọ̀ sì ń jẹ́rìí sí i.

Àmọ́ ikú ju ikú lọ. Òkú àgbà ni òkú ayẹyẹ. Wọn a pa ẹran, wọn a lu ìlù, nítorí pé olóògbé fi ọmọ sáyé lọ. Ikú ọmọdé tàbí ti ọ̀dọ́ ni ọ̀fọ̀ gan-an. Wọn kì í ṣe àríyá rẹ̀, kíá ni wọ́n máa ń sin ín, ọ̀pọ̀ ibi ni wọn kì í sì í ti í jẹ́ kí òbí dé ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àdúrà tí gbogbo òbí ń ṣe àmín sí, pé kí ọmọ ó gbẹ̀yìn àwọn, fi hàn bí ẹrù náà ti wúwo tó. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìtùnú ti máa ń ṣòro jù.

3.0 Ìrètí Àjíǹde nínú Bíbélì

Ìgbàgbọ́ Kristẹni kò gbé ìrètí rẹ̀ ka orí pé ọ̀run ni ilé gbogbo ènìyàn. Orí àjíǹde Jésù ló gbé e kà. Ní nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ibí Kristi ni Pọ́ọ̀lù kọ ìwé sí ìjọ tí ó wà ní Tẹsalóníkà. Àwọn kan nínú ìjọ náà ti kú kí Jésù tó padà wá bí wọ́n ti ń retí. Ìdààmú bá àwọn tí ó kù pé bóyá àwọn tí ó ti lọ ti pàdánù ìlérí náà. Ní orí kẹrin ìwé kìn-ín-ní tí ó kọ sí wọn, láti ẹsẹ kẹtàlá, Pọ́ọ̀lù fi dá wọn lójú pé àwọn òkú nínú Kristi ni yóò kọ́kọ́ jíǹde. Kò sọ pé kí wọ́n má banú jẹ́. Ohun tí ó sọ ni pé kí ìbànújẹ́ wọn má rí bíi ti ẹni tí kò ní ìrètí. Ọ̀tọ̀ ni kí á fi òpin sí ẹkún, ọ̀tọ̀ ni kí á sọ fún asunkún pé ẹkún rẹ̀ ní òpin.

Àpẹẹrẹ tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀ jù wà nínú ìwé Jòhánù orí kọkànlá. Lásárù ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì kí Jésù tó dé Bẹ́tánì. Ó bá Màtá sọ̀rọ̀ nípa àjíǹde, Màtá sì gbà á gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ó rí ẹkún Màríà àti ti àwọn tí ó bá a kẹ́dùn, Jésù náà sọkún. Bí ẹni tí ó mọ̀ pé kò ní í pẹ́ mọ́ kí òkú jáde bá lè da omi lójú, ta ni yóò dá ẹkún ẹlòmíràn lẹ́bi?

Ohun mìíràn tún yẹ ní àkíyèsí. Nínú ìwé Kọ́ríńtì kìn-ín-ní orí kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀tá ni Pọ́ọ̀lù pe ikú, ọ̀tá tí a ó ṣẹ́gun gbẹ̀yìn. Nítorí náà, kò pọn dandan kí onígbàgbọ́ máa ṣe bí ẹni pé ikú dára. Orí kan náà fi ara tí a sin wé irúgbìn tí àgbẹ̀ gbìn. Àgbẹ̀ tí ó bo àgbàdo mọ́lẹ̀ kò jù ú nù. Òjò ló ń dúró dè.

4.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ tí ó Gbé Ìrètí náà

Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, ló ṣáájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Iṣẹ́ náà parí ní ọdún 1884. Òun fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ìyapa àti ìpàdé jẹ́: ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846 ni ó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí onígbàgbọ́ ń lò lónìí nìwọ̀nyí:

(i) Olóògbé. Oní àti òògbé ló di ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ń tòògbé ni, ẹni tí ó ń tòògbé yóò sì jí. Ọ̀rọ̀ yìí bá èdè Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ̀wé mu, níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe fún oorun ti dúró fún ikú àwọn onígbàgbọ́.

(ii) Àjíǹde. Kì í ṣe ojú oórì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹyọ. Wọ́n a máa kí aláìsàn àti abiyamọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pé àjíǹde ara yóò máa jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ti mọ́ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn náà ni onígbàgbọ́ gbé dé ẹnu ibojì.

(iii) Ìyè àìnípẹ̀kun. Láti ara yè ni ìyè ti wá. Igi tí a lọ́ gbìn tí kò kú ni a ń sọ pé ó yè. Nítorí náà, ìyè kì í ṣe ẹ̀mí gígùn lásán; ó ní í ṣe pẹ̀lú bíborí ohun tí ó yẹ kí ó pa ni.

5.0 Omi tí ó Dànù

Bí ìkókó bá kú tí ìyá rẹ̀ kò kú, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń tu ìyá náà nínú ni pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìtùnú gidi ni. Ó ń dúpẹ́ pé ìyá wà láàyè, ó sì ń la ọ̀nà ọ̀la fún un, nítorí agbè tí kò fọ́ ṣì lè pọn omi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìrètí inú rẹ̀, ọmọ mìíràn ló ń wò. Kò sọ ohunkóhun nípa ọmọ tí ó lọ.

Ó ṣe ni ní kàyéfì pé Bíbélì náà lo àfiwé yìí. Nínú ìwé Sámúẹ́lì kejì, orí kẹrìnlá, ẹsẹ kẹrìnlá, obìnrin ọlọ́gbọ́n kan láti Tékóà sọ fún Dáfídì pé ènìyàn dà bí omi tí ó dà sílẹ̀ tí kò ṣe é kó jọ mọ́. Àmọ́ kò dúró síbẹ̀: ó ní Ọlọ́run a máa wá ọ̀nà kí ẹni tí a lé jáde má baà di ẹni ìtanù. Ní orí kejìlá ìwé yìí kan náà, nígbà tí ọmọ Dáfídì kú, ohun tí ó fi gba ara rẹ̀ níyànjú ni pé ọmọ náà kò ní í padà tọ òun wá, ṣùgbọ́n òun yóò tọ̀ ọ́ lọ.

Ìyàtọ̀ tí ìrètí ìyè àìnípẹ̀kun mú wá nìyí. Ọmọ tí ó kú kì í ṣe omi tí a ó fi òmíràn dípò. Ẹni kan ni, ó ní orúkọ, Ọlọ́run sì mọ̀ ọ́n. Èyí ṣe pàtàkì fún òbí tí àwùjọ ti sọ fún pé àbíkú ni ọmọ wọn. Ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé àrùn bíi fòníkú-fọ̀ládìde àti ibà lè máa pa ọmọ lọ́mọ nínú ilé kan náà. Ọmọ náà kò wá da òbí rẹ̀ láàmú. Àìsàn ló ṣe é. Òbí tí ó gba èyí gbọ́ lè ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ láìbínú sí i.

6.0 Àwọn Àṣìṣe inú Ìtùnú

Àkọ́kọ́ ni kí á máa bá asunkún wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Àpẹẹrẹ Bẹ́tánì ti dá èyí lóhùn. Ìkejì ni kí á yára sọ ìdí tí ikú fi wáyé, bíi pé Ọlọ́run fẹ́ràn olóògbé ju ẹbí rẹ̀ lọ. Ọlọ́run tí a bá fi hàn bí ẹni tí ó gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nítorí ìfẹ́, báwo ni ìyá náà yóò ṣe sá tọ̀ ọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ni wọ́n ṣìnà. Ìkẹta ni kí á máa fi ìnáwó wọn ìrètí. Gbèsè tí opó àti ọmọ òrukàn yóò san lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́ kò fi kún ìyè olóògbé.

Àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ohun tí ó sàn ju èyí lọ. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú arafẹ́rakù, ẹ kú àṣẹ̀yìndè: kò sí ọ̀kan nínú ìkíni wọ̀nyí tí ó sẹ́ ìrora, kò sì sí èyí tí ó ń ṣàlàyé rẹ̀. Ìrọ́jú gbà pé ara ń ta ẹni tí a ń kí. Arafẹ́rakù gbà pé ara kan ti dín kù nínú ara. Lẹ́yìn irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àjíǹde lè rí ibi jókòó sí.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé ìrètí ìyè àìnípẹ̀kun kò wá láti pa ẹnu ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ mọ́. Ó bá ìgbàgbọ́ Yorùbá pàdé níbi pé ikú kì í ṣe òpin ènìyàn. Ó yà kúrò lára rẹ̀ níbi pé ó pe ikú ní ọ̀tá, ó sì ń retí pé ẹni tí ó lọ gan-an ni a ó tún rí. Ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá àti òṣìṣẹ́ ìjọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìkíni ọ̀fọ̀ àti ìgbà tí ó yẹ kí a sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àjíǹde nílé ọ̀fọ̀, kí ó kọ́kọ́ jókòó, kí ó kí wọn kú ìrọ́jú, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n sunkún. Àjíǹde tí ó wá sọ kò ní í sá lọ kí ẹkún náà tó rọlẹ̀.